Tábìlì Olókùn Tí Abdias Ṣe

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti Abdias fún yín, kí àwọn ará Savalou tó fi irọ́ tiwọn dí yín létí. Bí ẹ bá dé ìlú wọn lónìí, tí ẹ yà sí ilé ọtí kan, ẹ óò rí tábìlì róbótó kan tó ní okùn mẹ́rin, ẹ óò rí èèyàn mẹ́rin tó di àwọn okùn náà mú, tí wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn, tí wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ bi wọ́n pé ta ló dá a sílẹ̀. Wọ́n á ní Hermann ni. Irọ́ ńlá! Hermann tí kò lè rẹ́ pákó kan kó gún!

Abdias ló ṣe é. Káfíńtà ni, ọmọ Gouka, àmọ́ Bantè ló fi ṣe ibùgbé, etí títì tó lọ sí Savalou ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹni bí ogójì ọdún, tí pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀. Nígbà míì yóò gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí dé inú ìsìn. Ìjọ aláṣọ funfun ni òun àti Noémie, ìyàwó rẹ̀, àti Bénie, ọmọbìnrin wọn, ń lọ. Ẹ mọ tiwọn: wọn kì í mutí, wọn kì í mu sìgá, ẹsẹ̀ wọn kì í sì í tẹ ilé ọtí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Bàbá Olùṣọ́, tó jẹ́ olórí ìjọ wọn ní Bantè, ti sọ fún Abdias pé bó bá di oṣù kejìlá, wọn yóò fi òróró yàn án ní alàgbà. Inú Noémie dùn débi pé ó ti ra aṣọ tí wọn yóò fi rán sùtánà tuntun fún un sílẹ̀. Kò sí ẹni tí kò sọ fún ní àdúgbò.

Báwo wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ṣe eré fún àwọn ọ̀mùtí? Ẹ fara balẹ̀.

Hermann ni ọ̀rẹ́ Abdias láti kékeré. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Gouka. Ẹní kan ni wọ́n jọ ń sùn, abọ́ kan ni wọ́n jọ ń jẹun. Iṣẹ́ sú Hermann, ó pa á tì lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, ó gba Savalou lọ, ó lọ ṣí ilé ọtí sábẹ́ igi máńgòrò kan, irú èyí tí a ń pè ní bùfẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ wọn kò bàjẹ́ nítorí ìyẹn. Abdias ló kàn án ní àga. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ọdún tó ṣáájú, ó gbé àga méjìlá lọ fún un. Ó yẹ kó já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó sì máa bọ̀ nílé, àmọ́ oòrùn mú, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ló bá wọlé pé kí òun mu ẹlẹ́rìndòdò kan.

Ohun tó rí níbẹ̀ ló kó sí i lórí. Ọkùnrin mẹ́rin yí tábìlì kan ká, ẹnikẹ́ni ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Fóònù ni kálukú ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Bíà ń gbóná níwájú wọn. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín, àwọn mẹ́ta tó kù ò tilẹ̀ bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Abdias ní, "Hermann, ṣé ilé òkú lo ṣí ni?"

Hermann ní, "Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Káàdì wà, lúdò wà, àwọn tó ti mọra tẹ́lẹ̀ nìkan ló ń ta á. Àlejò á mu ìgò kan, á dìde, á lọ."

"Bí nǹkan kan bá wà tí wọn ò lè ṣe láìjẹ́ pé wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Bí irú ẹ̀ bá wà, gbé e wá." Hermann rẹ́rìn-ín, ó sì lọ gbé ìgò fún oníbàárà. Ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Abdias kò gbàgbé.

Pákó pẹrẹsẹ kan tó gbẹ́ ihò sí ló kọ́kọ́ ṣe, pé kí wọ́n máa gbé e sókè gbé e sílẹ̀ kí hóró kajú kan lè yí gba àárín àwọn ihò náà kọjá. Ṣé hóró kajú ń yí ni? Ó kàn jókòó sójú kan bí arúgbó tó ń yá oòrùn. Abdias fi bọ́ọ̀lù irin kékeré tí wọ́n ń yọ nínú ẹsẹ̀ alùpùpù rọ́pò rẹ̀. Èyí yí, ó tilẹ̀ yí jù, àmọ́ ẹni tó lágbára jù ló ń dá a ṣe, àwọn yòókù á tún padà sídìí fóònù wọn. Ló bá fi àáké là á, ó fi dáná.

Ẹ̀kẹta ló wá yọrí sí rere. Ó kan tábìlì róbótó, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ipò olórí jókòó sí. Ó dá ihò ńlá sí àárín rẹ̀. Nísàlẹ̀ ihò náà ni àwo igi tíìkì kékeré kan rọ̀ sí lórí okùn mẹ́rin, ife kan tó kún fún omi ń bẹ lórí àwo náà. Ẹni mẹ́rin yóò fa okùn, wọn yóò gbé ife náà gòkè wá sójú tábìlì láìjẹ́ kó dànù. Omi ni o, kì í ṣe ọtí. Abdias kò gbà kí wọ́n fi ọtí ṣe é, àwọn ọ̀mùtí náà sì ní òótọ́ ni, ta ló ń fi bíà ṣeré? Okùn ọ̀rá ló kọ́kọ́ lò, ó ń gé wọn lọ́wọ́, ó sì fi rọ́bà tí wọ́n gé lára tíúbù táyà rọ́pò rẹ̀.

Àmọ́ ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ gan-an nìyí: ó gbé àwọn okùn náà kọjá ara wọn. Èyí tí ìwọ ń fà, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó kọjú sí ọ ló ń gbé sókè. Bí ẹ̀gbẹ́ tìrẹ bá ń rẹlẹ̀, kò sí ohun tí o lè fi agbára rẹ ṣe sí i. Àfi kí o gbójú kúrò nínú fóònù, kí o wo ẹni tó wà níwájú rẹ, kí o máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Jọ̀ọ́, fà á díẹ̀ sí i. Ó tó! Mo ní ó tó, àbí o ò gbọ́ ni?"

Ó tún ṣòfin kan. Ẹni tí omi bá dà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò dìde, yóò sọ abúlé ìyá rẹ̀ àti agbolé tí wọ́n ti bí ìyá náà. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọkùnrin kan láti Djaloukou tó ń sọ èdè Mahi da tirẹ̀ nù, kò pẹ́ ni ọkùnrin kan láti Bobè náà da tirẹ̀ nù. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ tẹnu wọn, àṣé agbolé kan náà ni ìyá àwọn méjèèjì ti wá! Wọ́n dì mọ́ra wọn lójú gbogbo èèyàn. Abdias wà ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú. Kò sí ohun tó kàn láyé rẹ̀ tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀ ni, torí Ọjọ́bọ̀ ló máa ń lọ ra pákó ní Savalou. Bí ó bá ti ra pákó tán, á bọ́ sí ilé ọtí Hermann, á wo bí wọ́n ṣe ń ta á, á ṣàtúnṣe ibi tó bá kù. Fataou ló ń gbé e lọ gbé e bọ̀, ẹni tó ń fi alùpùpù gbé èrò ní Bantè. Fataou kì í mutí náà, mùsùlùmí ni, àmọ́ òun náà máa ń di okùn kan mú, kò sí Ọjọ́bọ̀ kan tí kò ṣojú rẹ̀.

Noémie ńkọ́? Noémie ò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù tó rí tábìlì náà, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Bàbá Bénie, kí lèyí tí okùn rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ọmú ewúrẹ́?"

"Hermann ló ní kí n kàn án bẹ́ẹ̀," ni Abdias wí. "Èmi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe."

Ó wí i tán, ara rẹ̀ ò gbà á. Àmọ́ aṣọ sùtánà tuntun wà nínú àpótí nílé, kò sì mọ bí òun yóò ṣe dá ọ̀rọ̀ náà padà. Noémie rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Hermann nìkan ló sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀ fún. Ó ní, "Má dárúkọ mi títí wọn yóò fi fi òróró yàn mí. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi fúnra mi yóò lọ ṣàlàyé fún Bàbá Olùṣọ́, bó bá fẹ́ bínú kó bínú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ kó tó dìgbà yẹn, sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ kan ní Bantè ló ṣe é."

Hermann gbá a léjìká. "Abdias, ṣé ìwọ ni ò mọ̀ mí? Àṣírí rẹ, inú mi ló ń gbé." Abdias gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Oṣù kẹjọ wọlé, ọdún iṣu Savalou kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò ọdún ní àwọn fẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ tuntun láti gbogbo agbègbè. Èyí tó bá mókè, wọn yóò kàn án fún ogójì ilé ọtí àti ilé oúnjẹ láti Savalou títí dé Bantè, iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀ yóò sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Abdias gbọ́, orí rẹ̀ wú. Oṣù kìn-ín-ní! Òróró á ti gbẹ lórí rẹ̀ nígbà yẹn. Orúkọ rẹ̀ ló fẹ́, kí Bénie lè fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kan kó ní bàbá òun ló ṣe èyí. Hermann ní òun yóò gbé tábìlì náà lọ, òun yóò sì sọ ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí.

Àfi bó ṣe jẹ́ pé akọrin ìjọ Bantè ni wọ́n pè pé kó wá kọrin ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Noémie wà nínú akọrin. Bàbá Olùṣọ́ kó wọn lọ, Abdias náà sì bá wọn lọ láti máa tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọ̀sán gangan ni, abẹ́ àtíbàbà, èrò pọ̀ bí eṣú. Nígbà tó kan tábìlì olókùn, wọ́n ní kí àlejò mẹ́rin jáde wá. Kò pẹ́ tí àwọn mẹ́rin náà fi ń bára wọn jà, tí wọ́n ń bára wọn rẹ́rìn-ín, tí gbogbo èrò ń kígbe pé, "Fà á! Má fà á!" Omi dà sí ọlọ́pàá kan lára, ó dìde, ó dárúkọ abúlé ìyá rẹ̀, ìyá arúgbó kan sì dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ọmọ wa ni!" Àtíbàbà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó.

Màdáàmù Kamilath, tó jẹ́ olórí àwọn onídàájọ́, nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Hermann gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní, "Èmi ni."

Abdias rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ó ń dúró de "ọ̀rẹ́ mi kan ní Bantè." Hermann ń bá a lọ: "Oṣù mẹ́jọ ni mo fi rò ó, nínú ilé ọtí mi. Mo kọ́kọ́ fi hóró kajú dán an wò, kò yí. Mo fi bọ́ọ̀lù irin dán an wò, ẹni tó lágbára jù ló ń dá a ṣe. Inú bí mi, mo fi àáké là á." Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ó jí àṣìṣe Abdias mọ́ iṣẹ́ rẹ̀! Ìnira tí ọmọ ọlọ́mọ jẹ, òun ló ń fẹnu jẹ gbogbo rẹ̀ lójú ayé.

Ẹsẹ̀ Abdias ló gbé e dìde, kì í ṣe ọgbọ́n. "Irọ́ ni! Èmi ni mo ṣe é!"

Gbogbo ojú yí padà. Hermann kò ṣẹ́jú. Ohùn rẹ̀ tilẹ̀ tutù nígbà tó sọ pé, "Alàgbà wa lọ́la nìyẹn, ẹ bá mi kí i. Abdias, inú ilé ọtí ni wọ́n ti ṣe eré yìí. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń dán an wò láàárín ìgò bíà. Dákun, níwájú Bàbá Olùṣọ́ rẹ tó jókòó yìí, Ọjọ́bọ̀ wo lo wà níbẹ̀?"

Ẹ rí ọ̀bẹ tó fi gún un? Ọwọ́ Abdias fúnra rẹ̀ ló ti gbà á. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Abdias ń rí ẹní tí wọ́n jọ sùn lé ní Gouka níwájú rẹ̀. Ó la ẹnu. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ti pinnu: gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló fẹ́ sọ. Kí wọ́n gba ipò alàgbà wọn, kí wọ́n fún un ní orúkọ rẹ̀.

Noémie yára jù ú lọ.

"Ọkọ ta ni? Ọkọ tèmi? Ilé ọtí?" Ó ti bọ́ síwájú àwọn akọrin, ó na ọwọ́ sókè. "Ẹ̀yin ará Savalou, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ ilé ọtí rí, ọjọ́ kan ṣoṣo báyìí! Mo fi aṣọ funfun tó wà lọ́rùn mi yìí búra!"

Ògbufọ̀ tú u sí èdè Mahi, kí àwọn tí kò gbọ́ lè gbọ́. Àwọn akọrin ní, "Àmín!" Bàbá Olùṣọ́ mi orí, inú rẹ̀ dùn.

Màdáàmù Kamilath ní, "Ẹ ṣé, Ìyá. Tábìlì náà wá ńkọ́?"

"Ọkọ mi ló kan igi rẹ̀, n ò ní purọ́, ojú mi ló ṣe. Ohun tó ń wí nìyẹn. Àmọ́ Hermann ló ní kó kàn án bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé òun ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má fa ọkọ mi mọ́ ọ̀rọ̀ ilé ọtí mọ́!"

"Ẹ ṣé, ìyàwó wa," ni Hermann wí, ó sì tẹrí ba fún un.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà, níbi tí àwọn alùpùpù wà, Fataou ń fi èjìká la èrò, ó gbé ọwọ́ sókè, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Abdias rí i. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu Fataou ti tó: gbogbo Ọjọ́bọ̀ oṣù mẹ́jọ. Hermann náà rí i, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Abdias wo Noémie. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, ojú rẹ̀ ń dán, ó ti búra ní èdè méjì níwájú ìjọ rẹ̀ àti níwájú ìlú onílùú. Bí Fataou bá sọ̀rọ̀, Abdias á gba orúkọ rẹ̀ padà, Noémie á sì di abúra-èké láti ọjọ́ náà lọ, nítorí pé ó gba ọkọ rẹ̀ gbọ́.

Abdias mi orí sí Fataou pé rárá. Fataou wò ó bí ẹni ń wo wèrè. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Mùsíọ̀ Abdias," ni Màdáàmù Kamilath wí, "ẹ̀yin náà ẹ sọ tẹnu yín. Ṣé bí ìyàwó yín ṣe wí ló rí?"

"Bó ṣe wí ló rí," ni Abdias dáhùn, ó sì jókòó. Wọ́n kọ orúkọ Hermann sílẹ̀, èrò pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó ń ká wáyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn, Hermann wá bá a, ó mú ẹlẹ́rìndòdò kan dání. Ó ní, "Má bínú sí mi. Ṣebí ìwọ lo ní kí n má dárúkọ rẹ."

Abdias ní, "Hermann, ẹní kan la jọ sùn."

Hermann gbé ìgò náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ. Abdias ò fọwọ́ kàn án.

Nínú ọkọ̀ tó ń kó wọn padà sí Bantè, Noémie ni gbogbo wọn ń yìn. Bàbá Olùṣọ́ yíjú láti iwájú, ó ní bí obìnrin ṣe ń dúró ti ọkọ nìyẹn. Noémie ń rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ Abdias, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Bénie, ẹ gbọ́ ná. Ṣé ọ̀rọ̀ tábìlì yẹn ló ń dùn yín? Tábìlì lásán ni. Ẹ óò kan èyí tó dára jù ú lọ."

Abdias ń wo oko kajú tó ń sá lọ sẹ́yìn lójú fèrèsé.

"Ẹ sọ ọ́ o, ṣé mo fèsì dáadáa?"

Ó ní, "O fèsì dáadáa, Ìyá Bénie."